Kútọnu Lọ́jọ́ Mẹ́ta: Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì Parí Sí, Yorùbá Ṣì Ń Lọ

Bí ìsinmi ilé-ìwé bá ti ń súnmọ́lé, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń jẹ yọ nínú ọ̀pọ̀ ilé: níbo ni kí a mú àwọn ọmọ lọ? Ẹni tí owó rẹ̀ gbé e á wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Dúbáì tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ á kó wọn lọ sí etíkun Èkó. Wọn á jẹ súyà, wọn á ya fọ́tò, wọn á sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Láàárín méjèèjì yìí ni ìrìn-àjò kan wà tí kì í sábà wá sọ́kàn àwọn òbí: kí á gbéra ní Èkó láàárọ̀, kí á kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, kí á sì sùn sí Kútọnu lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀nà náà kò ju nǹkan bí 120 kìlómítà lọ. Aago ibẹ̀ àti tiwa kò yàtọ̀ síra. Ọmọ Nàìjíríà kò sì nílò físà.

Ìtòsí nìkan kọ́ ni mo fi ń gba ẹ̀yin òǹkàwé wa níyànjú láti lọ. Èmi àti ọkọ mi kó àwọn ọmọ wa méjèèjì lọ síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọmọbìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Òkun ni a ní lọ́kàn láti lọ wò. Òkun wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ohun tí a rí tí ó ju òkun lọ ni pé Gẹ̀ẹ́sì parí sí Sẹ̀mẹ̀, Yorùbá sì ń bá ìrìn tirẹ̀ lọ. Fún àwọn ọmọ ìgboro tí wọ́n gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n tí wọ́n máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáni lóhùn, ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ kankan kò lè kọ́ wọn nínú kíláàsì nìyẹn.

Ìlà tí wọ́n fà sí àárín ilé

Orílẹ̀-èdè Benin tí mo ń wí yìí kì í ṣe Ìbíní ilẹ̀ Ẹdó o. Dàhọ̀mì àtijọ́ ni. Ó gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1960, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Benin ní ọdún 1975. Ní ti ààlà tó wà láàárín òun àti Nàìjíríà, ọdún 1889 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn lórí ibi tí yóò gbà. Wọn kò bi àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà léèrè. Bí ìlà náà ṣe kọjá nìyẹn, tí ó fi Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Ṣàkẹ́tẹ́ sí ọwọ́ Faransé, tí ó sì fi Ìmẹ̀kọ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Títí di òní, ààfin Alákétu wà ní Benin, àwọn ìlú tí wọ́n jẹ́ ti Kétu látijọ́ sì wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ̀gbọ́n ń kọ́ Faransé, àbúrò ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Mo sọ èyí fún àwọn ọmọ nínú ọkọ̀ kí a tó dé Sẹ̀mẹ̀, nítorí pé bí ọmọ kò bá mọ ìtàn ẹnubodè, yóò rò pé láti ọ̀run wá ni a ti pín ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àbúrò wo ojú fèrèsé títí a fi kọjá, ó wá béèrè pé, “Níbo ni ìlà náà wà?” Ó ti ń retí pé òun máa rí i lórí ilẹ̀. Igi àgbọn ló rí lápá ibí, igi àgbọn náà ló sì rí lápá ọ̀hún.

Ẹ mú ìwé yín dání pé pérépéré. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS tí wọ́n ṣe ní ọdún 1979 fún wa láyè láti wọ orílẹ̀-èdè ara wa láìsí físà, kí a sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́. Síbẹ̀ ìwé ìrìnnà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ àgbà àtọmọdé, pẹ̀lú káàdì aláwọ̀ yẹ́lò tó ń jẹ́rìí pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Bí ó bá jẹ́ bàbá nìkan tàbí ìyá nìkan ló kó ọmọ lọ, kí ó gba lẹ́tà ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹnì kejì. Bí ọkọ̀ yín ni ẹ bá gbé, ìwé ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ pé.

Owó sẹ́fà ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Owó yìí so mọ́ Yúrò típẹ́típẹ́: sẹ́fà 655.957 ni Yúrò kan, lónìí àti lọ́la. Náírà wa ló máa ń lọ sókè sódò, nítorí náà ẹ ṣe ìṣirò yín lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbéra, kì í ṣe lóṣù tó ṣáájú. Ọmọbìnrin wa ni a fún ní iṣẹ́ olùṣirò. Ní gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ ra nǹkan, òun ló ń sọ iye tí yóò jẹ́ ní náírà, ìṣirò tí ó sì máa ń sá fún nílé wá di eré lọ́wọ́ rẹ̀.

Àjàṣẹ́, ìlú olórúkọ mẹ́ta

A kò kọ́kọ́ lọ sí Kútọnu tààrà. A yà sí Àjàṣẹ́, tí kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà sí i. Àwọn Pọtogí ló sọ ọ́ ní Porto-Novo, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ èbúté tuntun; àwọn Ègùn ń pè é ní Hògbónù; Àjàṣẹ́ ni tiwa. Olú-ìlú Benin gan-an ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnu ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba ti ń lọ.

Ìtàn ìlú náà dùn létí ọmọdé. Wọ́n ní àwọn ọdẹ Yorùbá ló kọ́kọ́ tẹ̀dó sí àdúgbò tí à ń pè ní Accron, tí ẹ̀dá abàmì olórí mẹ́sàn-án sì yọ sí wọn láti inú ọ̀gán. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sì sọ ibẹ̀ di ojúbọ. Orúkọ tí wọ́n fún ẹ̀dá náà ni Abórí Mẹ́sàn-án. Ojúbọ náà wà níbẹ̀ títí di òní. Àlejò tó bá ti òkè òkun wá yóò nílò ògbufọ̀ kí ó tó mọ ohun tí orúkọ náà ń sọ. Àbúrò tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí lórí ìka rẹ̀: “Oókan, eéjì, ẹẹ́ta…” Ó rìn káàkiri àdúgbò náà bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

Mọ́sálásí ńlá Àjàṣẹ́ ni ohun kejì tí ojú kò lè fò dá. Bí ẹ bá wò ó láti òkèèrè, ẹ ó pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdí ni pé àwọn Mùsùlùmí Àgùdà ló kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n sì fi ojú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Bahia wò ó. Àwọn Àgùdà wọ̀nyí ni àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n tún wá ọ̀nà padà sílé. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, gbé dìde ní Salvador ní oṣù kìíní ọdún 1835 ni wíwá wọn túbọ̀ pọ̀ sí i. Àwọn kan sọ̀ sí Èkó, àwọn ni wọ́n tẹ Pópó Àgùdà dó. Àwọn mìíràn sọ̀ sí Wídà àti Àjàṣẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ilé alájà tí wọ́n ya òdòdó sí ojú fèrèsé rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, tí ó sì rán yín létí àwọn ilé àtijọ́ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ojú yín kò tàn yín jẹ.

Ìdílé tí ó bá jẹ́ ti Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá kò nílò kí n sọ fún wọn pé ìlú yìí ni Samuel Bilewu Oshoffa, oníṣòwò igi, ti dá ìjọ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947. Ìmẹ̀kọ, ní apá ti Nàìjíríà, ni wọ́n sin ín sí. Ẹ kò rí i bí ìgbésí ayé ẹnì kan ṣe kọjá ààlà lọ-bọ̀, tí kò sì dẹ́kun láti jẹ́ ọ̀kan náà?

Bí àwọn ọmọ yín bá fẹ́ràn ẹran ọ̀sìn, ẹ kó wọn lọ sí Songhai. Àlùfáà Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, ló dá oko ìkẹ́kọ̀ọ́ yìí sílẹ̀ ní ọdún 1985. Níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹran ni wọ́n fi ń ṣe gáàsì, ohun tó ṣẹ́kù lára ẹja àti adìyẹ ni wọ́n fi ń bọ́ ilẹ̀. Nǹkan kan kì í ṣòfò. Àbúrò kò fẹ́ kúrò nídìí odò ẹja mọ́.

Àkàrà òyìnbó

Ní ilé oúnjẹ kékeré kan lẹ́bàá ọjà Àjàṣẹ́ ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jùlọ ti ṣẹlẹ̀. Ìyá àgbà kan ló ni ilé oúnjẹ náà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí kò lè ju ẹgbẹ́ ọmọbìnrin wa lọ, ń bá a gbé àwo. Ọmọ wa kí i ní Gẹ̀ẹ́sì. Èkejì wò ó, kò dáhùn. Èkejì wá kí i ní Faransé. Tiwa náà wò ó. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo bàtà ara wọn.

Ìyá àgbà gbójú sókè nídìí ìkòkò, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé ẹ kò lẹ́nu ni? Ẹ sọ Yorùbá!”

Ọmọbìnrin wa wo ojú mi, bí ẹni tó ń tọrọ àyè. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, mà.” Inú ìyá àgbà dùn, ó sì rọ̀jò àdúrà lé e lórí. Ni ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé náà. Kí ni orúkọ rẹ? Kíláàsì wo lo wà? Ṣé ẹ ní ajá nílé? Yorùbá ti èkejì ń lọ sókè níbi tí tiwa ti ń lọ sísàlẹ̀, ó sì ní àwọn ọ̀rọ̀ kan tí a kò gbọ́ rí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣì wọ́n lọ́nà fún ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n há. Ọmọ wa béèrè búrẹ́dì. Èkejì ní, “Kí ló ń jẹ́ búrẹ́dì?” Nígbà tí a nawọ́ sí i lórí tábìlì, ó fi ọ̀rọ̀ Faransé pè é, tiwa kò sì mọ ìyẹn náà. Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Nígbà tí èmi wà ní kékeré, àkàrà òyìnbó ni à ń pè é.” Àwọn méjèèjì fara mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Títí a fi dìde, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tún pe búrẹ́dì tàbí orúkọ Faransé rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ àwàdà ni lójú ẹni tó bá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo rò ó títí a fi dé Kútọnu. Ọmọ Yorùbá méjì nìyí, tí ojúlé wọn kò jìnnà síra tó Èkó sí Ìbàdàn. Ilé-ìwé ti fún ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ti fún èkejì ní Faransé. Èdè méjèèjì ṣe pàtàkì, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ Yorùbá kúrò láàárín wọn, àjèjì pátápátá ni wọ́n. Ìlà ọdún 1889 kò tíì yà wọ́n títí di àkókò yìí, nítorí pé èdè ìyá àgbà ṣì wà lẹ́nu wọn. Ó ku ọwọ́ àwa òbí bóyá àwọn ọmọ tiwọn náà yóò lè bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Kútọnu àti òkun rẹ̀

Kútọnu tóbi, síbẹ̀ kò fúnni lọ́rùn bí Èkó. Ìkànìyàn ọdún 2013 ka ènìyàn tó lé ní 670,000 síbẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan, tí wọ́n máa ń wọ ẹ̀wù yẹ́lò, pọ̀ bí eṣú. Ní èdè Fọ̀n, orúkọ ìlú náà ń sọ nípa ẹnu odò ikú, ọmọbìnrin wa sì ní òun kò ní sọ ìyẹn fún àwọn ọ̀rẹ́ òun nílé-ìwé.

Kí n sọ òótọ́: ní Kútọnu, Yorùbá nìkan kò tó. Fọ̀n ni èdè ìgboro, Faransé ni èdè ọ́fíìsì. Nínú ọjà Dàntọkpá àti ní àdúgbò àwọn oníṣòwò, ẹ ó rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbọ́ Yorùbá. Ní ilé ìtura, ẹ lè má rí ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìkíni àárọ̀ Fọ̀n, “A fọ́n gànjí à?”, tí ó ń béèrè bóyá ènìyàn jí dáadáa. Ẹ ò rí i pé bí a ti ń béèrè “Ṣé dáadáa lẹ jí?” ni? Ojú aṣọ́nà ilé ìtura náà tàn nígbà tí àbúrò kí i bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọ tí a ti kọ́ ní ìkíni ilé rẹ̀ kì í ṣòro láti kọ́ ní ìkíni ilé onílé.

Etíkun Fidjrossè ni a ti lo ọ̀sán. Iyanrìn rẹ̀ gùn lọ títí ojú kò fi lè tó o, àwọn apẹja sì ń fa àwọ̀n wọn láti orí ilẹ̀, ogún ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí okùn kan, pẹ̀lú orin. Àwọn ọmọ wa bá wọn di okùn náà mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára wọn kò lè fa ẹja kan jáde. Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ kan o: òkun yìí kì í ṣe ibi ìwẹ̀. Ìgbì rẹ̀ le, omi abẹ́lẹ̀ sì máa ń fa ènìyàn lọ sí àárín agbami. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣeré lórí iyanrìn, kí ẹsẹ̀ nìkan sì kan omi, kí ọwọ́ yín sì wà lára wọn.

Ní ti oúnjẹ, ebi kò ní pa ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Wọ́n ní àkàsà, tí ó jẹ́ ìbátan ẹ̀kọ tiwa. Wọ́n ní àtàsí, tí ó jẹ́ ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀. Wọ́n ní amíwó, èlùbọ́ àgbàdo tí wọ́n fi omi ẹran àti tòmátì rò títí yóò fi pupa, tí wọ́n sì máa ń gbé adìyẹ díndín lé lórí. Wọ́n ní wàrà Fúlàní, tí wọ́n ń dín bí ẹran. Àbúrò, tí kì í jẹ ẹ̀kọ nílé, jẹ àkàsà méjì.

Obìnrin ológun tó ga ní mítà 30

Lẹ́bàá òkun ní Kútọnu ni ère ńlá kan wà, obìnrin jagunjagun tó di ohun ìjà mú, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 30. Ọdún 2022 ni wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Ó dúró fún àwọn obìnrin ológun Dàhọ̀mì tí gbogbo ayé ti gbọ́ ìròyìn wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ń ya fọ́tò nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin kéékèèké ń na àyà bíi tirẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni ọkọ mi. Ó dúró, ó wo ère náà fún ìgbà pípẹ́, ó sì sọ fún àwọn ọmọ pé ní ọdún 1851 àti ní ọdún 1864, àwọn obìnrin wọ̀nyí wà lára ọmọ ogun Dàhọ̀mì tó wá dojú ìjà kọ Abẹ́òkúta, àti pé àwọn Ẹ̀gbá lé wọn padà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Kò sọ ti Kétu, tí Dàhọ̀mì fọ́ ní ọdún 1886. Èmi ni mo fi kún un.

Ọmọbìnrin wa béèrè pé, “Dádì, ṣé ọ̀tá wa ni wọ́n, àbí akọni?”

Bàbá rẹ̀ ní, “Ọ̀tá wa ni wọ́n nígbà náà. Akọni ni wọ́n lójú àwọn ènìyàn wọn. Òótọ́ ni méjèèjì.”

Mo gbà pé ìdáhùn náà tó. Ọmọ tó bá ti kékeré mọ̀ pé ìtàn a máa ní ju ẹnu kan lọ, yóò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti fi ìtàn tan án sínú ìjà nígbà tó bá dàgbà.

Ilé orí omi

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a lọ sí èbúté Calavi, a sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ganvié lórí adágún Nokoué. Gbogbo ilé ìlú náà ló wà lórí òpó igi nínú omi: ilé-ìwé, ilé ìjọsìn, ilé ìtajà. Àwọn obìnrin ń ná ọjà nínú ọkọ̀, ọmọ tí kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ sì ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Àbúrò kò lè gba ojú ara rẹ̀ gbọ́.

Ìlú àsálà ni Ganvié. Àwọn Tofinu sá wọ orí omi kí àwọn tó ń kó ènìyàn lẹ́rú má baà rí wọn mú. Ìtàn ibẹ̀ sọ pé èèwọ̀ ni fún àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì láti jagun lórí omi. Ẹ dúnàádúrà owó ọkọ̀ kí ẹ tó wọlé sínú rẹ̀, kí ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò. Ilé àwọn ènìyàn ni ibẹ̀, kì í ṣe ọgbà ẹranko.

Wídà, níbi tí òkun ti di ìlẹ̀kùn

Ọjọ́ kẹta ni a fi lọ sí Ouidah, ìyẹn Wídà, tí ó jẹ́ nǹkan bí 40 kìlómítà sí Kútọnu. A fi eré bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ. Ilé ejò erè dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá, ọ̀nà ló wà láàárín wọn. Erè kò ní oró. Olùtọ́jú wọn gbé ọ̀kan kọ́ ọmọbìnrin wa lọ́rùn, èmi sì dúró lókèèrè.

Lẹ́yìn náà ni a tọ ọ̀nà tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sí etí òkun. Ó tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin. Lójú ọ̀nà náà ni ibi igi ìgbàgbé wà, tí wọ́n ní àwọn ọkùnrin ń yí po lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, àwọn obìnrin lẹ́ẹ̀méje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ní ìparí rẹ̀ ni Ìlẹ̀kùn Àìpadàbọ̀ wà, tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1990, tí ó dojú kọ omi.

Níbẹ̀ ni ọmọbìnrin wa ti béèrè ìbéèrè tí gbogbo òbí tó bá lọ gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún: “Ta ló tà wọ́n?” A kò pa irọ́ fún un. A ní àwọn òyìnbó ló rà wọ́n, àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ló mú wọn tí wọ́n sì tà wọ́n, Yorùbá pàápàá ta Yorùbá lásìkò ogun abẹ́lé wa. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Mo wá sọ ìtàn Kossola fún un. Ní ọdún 1860, ọmọ ogun Dàhọ̀mì mú ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ní ìlú rẹ̀, wọ́n sì tà á ní Wídà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn gbà pé ọmọ Yorùbá apá àárín gbùngbùn Benin ni. Ọkọ̀ tó kó o lọ ń jẹ́ Clotilda, ọdún 52 sì ti kọjá nígbà náà tí Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé. Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí owó ọkọ̀ padà sílé, wọ́n sì tẹ ìlú tiwọn dó lẹ́bàá Mobile ní Alabama; Africatown ni orúkọ rẹ̀. Ó sọ ìtàn ara rẹ̀ fún Zora Neale Hurston, òǹkọ̀wé obìnrin, ó sì kú ní ọdún 1935. Ọdún 2018 ni ìwé tí Hurston kọ nípa rẹ̀ tó jáde. Ní ọdún 2024, Benin ṣe òfin tó fún àwọn ìran irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ láyè láti di ọmọ orílẹ̀-èdè náà.

Igi ìgbàgbé kò ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n yí i po gbé orúkọ, oúnjẹ, òrìṣà àti orin wọn dé Bahia àti Kúbà, àwọn ìran wọn ń fi Yorùbá kọrin níbẹ̀ títí di òní. Mo rò ó pé àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè kò gbàgbé. Àwa tí ẹnikẹ́ni kò dè, kí ni yóò jẹ́ àwáwí tiwa?

Bí ẹ bá fẹ́ lọ

Oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ló dára jù, nítorí òjò kò sí, oṣù Kẹjọ náà sì máa ń tutù díẹ̀. Ẹ gbéra ní kùtùkùtù, kí ẹ lè kọjá ẹnubodè kí oòrùn tó mú. Òru méjì tó: ọjọ́ kìíní fún Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, ọjọ́ kejì fún Ganvié àti etíkun, ọjọ́ kẹta fún Wídà, kí ẹ sì padà sílé. Bí ọmọ yín bá kéré sí ọdún méje, ẹ dín ọ̀rọ̀ Wídà kù, kí ẹ fi ejò erè àti òkun ṣe tirẹ̀. Ẹ ra ike omi púpọ̀. Ẹ mọ “bonjour” àti “merci” kí ẹ tó dé ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni.

Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá dáhùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá báyìí tí a ti dé. Ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Sátidé, ọmọbìnrin wa máa ń gba fóònù mi, ó máa ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì máa ń fi í ránṣẹ́ sí fóònù ìyá àgbà ní Àjàṣẹ́, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè gbọ́. Ní àná, mo gbọ́ tí ó ń sọ fún un pé òun jẹ àkàrà òyìnbó láàárọ̀, ó sì fi ẹyin sí i.